Ó rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ: irin ìfà ṣakabùlà bàbá mi

Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ẹnìkan béèrè bóyá ó dáa kéèyàn tún irin ìfà ṣakabùlà ṣe kó lè rọ̀ lọ́wọ́. Tèmi rèé.

Ìbọn tí bàbá mi fi ń ṣọ́ oko kòkó wa lọ́nà Ìdánrè ni mo jogún. Mo ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lórúkọ ara mi. Àmọ́ irin tí ìka ń fà yẹn le bí ilẹ̀kùn tí òjò ti wú. Kí òòlù tó bọ́, ẹnu ìbọn á ti yẹ̀ kúrò lára ẹran. Lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, ọ̀yà mẹ́rin bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyàwó mi ní kí n kúkú máa ra ẹran l'Ọjà Ọba.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan nítòsí wa l'Àkúrẹ́. Ó tú irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó mú fáìlì, ó rẹ́ eyín tó ń di òòlù mú. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo fà á wò lófìfo, ó rọ̀ bí ìgbà téèyàn ń já ewédú. Mo tiẹ̀ fowó lé owó ẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, mo ti ki ẹ̀tù, mo ti ki ọta, mo gbọ́ kùkùkẹ̀kẹ̀ nínú koríko, mo fa òòlù sẹ́yìn. Ọ̀kẹ́rẹ́ lásán ni. Mo ní kí n fìdí ìbọn lélẹ̀ kí n rọra dá òòlù padà. Ìdí ìbọn kan gbòǹgbò, gbàà! Ìka mi ò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ̀ka kòkó tó wà lókè orí mi já lulẹ̀ tòun tèso mẹ́ta, iná ẹ̀tù jó irun ìpéǹpéjú mi. Ọmọ mi ń ṣa kòkó lẹ́yìn. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ yìn?" Mi ò lè dá a lóhùn.

Bàbá àgbà kan l'Òǹdó ló bá mi tún un ṣe. Ìbọn tí àwọn ọdẹ fẹ́ fi ṣọdún Ògún kún iwájú àgbẹ̀dẹ ẹ̀. Kò tiẹ̀ wo eyín yẹn lákọ̀ọ́kọ́. Ó fi ìka méjì mú irin ìfà, ó ń mì í sọ́tùn-ún sósì. "Ṣé o rí i?" Ihò ìṣó tó so ó mọ́lẹ̀ ti jẹ gbòòrò, ìpáǹtí ẹ̀tù àti ìpẹtà sì ti dì sínú ẹ̀. Ibẹ̀ ló ń le! "Ta ló ní kí wọ́n rẹ́ eyín ẹ̀? Awọ irin ló le, inú ẹ̀ rọ̀. Bí wọ́n bá ti fi fáìlì bó awọ yẹn, kíá ni yóò jẹ tán."

Ó rọ irin eléyín tuntun, ó ki ìṣó tó sanra díẹ̀, ó fi omi gbígbóná fọ gbogbo ẹ̀, ó kán òróró sí i. Ó wá fa òòlù sẹ́yìn lófìfo, ó gbá ìdí ìbọn mọ́ pákó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò bọ́. Ó dá òòlù dúró lórí eyín àárín, níbi tó ti ń fà dé ìdajì, ó tún gbá a. Kò bọ́. Kò rọ̀ bí ewédú mọ́ o, ṣùgbọ́n ó ń já lẹ́ẹ̀kan náà bí igi gbígbẹ.

Ọdẹ kan láti Ìlárá-Mọ̀kín:
Ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Amẹ́ríkà ń fi irú ìbọn báyìí ta àmì. Irin ìfà méjì ni tiẹ̀ ní. Á fa tẹ̀yìn títí yóò fi dún kẹ́, lẹ́yìn náà, bó bá ti fọwọ́ kan tiwájú báyìí, ó ti dún. Ó ní àtijọ́ làwọn ará Jámánì ti ń lò ó. Mo fi fọ́tò ẹ̀ han alágbẹ̀dẹ wa, ó rẹ́rìn-ín: "Nínú igbó tí ìtàkùn lè fà á yìí?" Mo gbé fọ́tò mi sápò.

Ọdẹ mìíràn, Àkúrẹ́:
Omi gbígbóná nìkan ló tún tèmi ṣe. Bàbá Òǹdó yẹn, ṣé wọ́n ṣì ń gbaṣẹ́?

Èmi:
Wọ́n ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ tú ẹ̀tù inú ẹ̀ dànù kẹ́ ẹ tó gbé e lọ. Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe lé ẹnìkan jáde.