Ìwé tíkẹ́ẹ̀tì tí mo gbé fún igbákejì alága

Ọkùn o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ ní ká sọ eré tó bá wa wí láìdárúkọ wa. Tèmi rèé, ẹ má bú mi.

King of Boys ni, ti Kemi Adetiba. Èyí tó jáde ní sinimá ní 2018 ni mo kọ́kọ́ wò, kí n tó wo ìpín méje tó bọ́ sórí Netflix ní 2021. Orí fóònù àbúrò mi ni, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kàbà. Iná ò sí, òjò sì ń lu páànù débi pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni a gbọ́. Eniola Salami, ìyá tó jẹ́ ọ̀gá àwọn jàǹdùkú Èkó nínú eré náà, àti Makanaki tó gbógun tì í ni gbogbo wọn ń pariwo. Èmi ò rí wọn. Ade Tiger ni mò ń wò, ọmọ ẹ̀yìn ìyá náà tó dúró tì í gbágbágbá. Ara mi ò balẹ̀.

Mo ti wà nípò ọmọkùnrin yẹn rí, ní gáréèjì kan lágbègbè wa níbí. Èmi ni mò ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn awakọ̀ tó ń gba Ọbajánà lọ Lọ́kọ́ja, àtàwọn tó ń gba Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ lọ Ìlọrin. Ẹni tí ìwé tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló mọ iye ọkọ̀ tó jáde, òun náà ló mọ iye owó tó wọlé. Alága gáréèjì náà ló fi mí síbẹ̀.

Nígbà tí àìsàn gbé Alága lọ Ìlọrin, mo rò pé bí ìjà bá máa wà, àdá àti ìgò la ó fi mọ̀. Irọ́ ni. Fìlà ni. Bẹ́ǹṣì kan wà lábẹ́ igi máńgòrò. Igun tó kọjú sí títì, Alága nìkan ló ń jókòó síbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, igbákejì ṣí fìlà, ó gbé e lé igun yẹn, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni ò gbé e kúrò. Nígbà tílẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àwọn awakọ̀ sì ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó pè mí. "Ìwé dà?" Oyún ìyàwó mi ti pé oṣù méje. Mo gbé e fún un.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni Alága pè mí, ohùn rẹ̀ ti rẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé ìwé wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi, bàbá."

— Bùrọ̀dá, ẹ pẹ̀lẹ́. Mọ̀pà ni èmi wà. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì bàbá wa wà nígbà tí wọ́n kú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan wá láàárọ̀, èkejì wá lálẹ́, wọ́n ń kẹ́ mi bí ìyàwó tuntun. Màámi ni mo kó kọ́kọ́rọ́ fún. Àwọn méjèèjì ti parí ìjà láàárín ara wọn. Èmi ni wọn ò bá sọ̀rọ̀ títí dòní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yin Ade Tiger, ẹ máa rọra.

— Ẹni tó kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, ṣé Alága padà mọ̀?

— Ó mọ̀. Oṣù kan lẹ́yìn náà ló dé, aṣọ ti tóbi jù ú lọ. Kò sẹ́ni tó dìde àfi ìyá alákàrà, ó fi ìborùn rẹ̀ nu igun kejì bẹ́ǹṣì náà. Ibẹ̀ ni Alága jókòó sí. Eniola lo ọdún márùn-ún lẹ́yìn odi kó tó padà wá du ipò gómìnà Èkó; Alága wa ò du nǹkan kan. Oyún ìyàwó mi ló béèrè.

Ó wá síbi ìkómọ. Owó tó fún ọmọ, ó fi bébà wé e. Nígbà tí mo tú u lálẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì ni bébà náà, ti àtijọ́, ìkọ̀wé mi ló wà lára rẹ̀.