Ṣé "Rà" ni ká kọ sára bọ́tìnì yẹn?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Adó-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé. Mo ti ka àbá tó wá láti Ìbàdàn lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó máa lò fún ìsọ̀ géèmù, ìyẹn ibi ìtajà orí ayélujára tó ń gbé inú ẹ̀rọ géèmù fúnra rẹ̀. Wọ́n ní "ìrírí òǹlò" ni ká máa pe bí ìsọ̀ náà ṣe rọrùn tó. Wọ́n ní "kẹ̀kẹ́ ọjà" fún ibi tí a ń kó nǹkan sí ká tó sanwó, "ilé ìkàwé" fún ibi tí géèmù tí a ti rà ń gbé, "èènì" fún àfikún tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, àti "Rà" fún bọ́tìnì tó ń gba owó. Ìsọ̀ dùn mọ́ mi ní tèmi. Ibi tí èèyàn ti ń sọ ẹrù ni, ẹni tó bá sì ra géèmù níbẹ̀, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ẹ̀rọ rẹ̀. Àwọn tó kù ni mo fẹ́ bá wọn wí.

Ìrírí kọ́. Àgbà tó ti rí ayé là ń bi ní ìrírí. Ọmọ tó ń wá géèmù lálẹ́ kò wá ìrírí kankan, ó fẹ́ kó rọ òun lọ́rùn ni. "Ìrọ̀rùn ìlò" tó mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo jókòó ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí wọ́n mú iná wá. Ó ṣí ìsọ̀ orí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń wá géèmù kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún un. Àtàǹpàkò ló fi ń ti ọ̀pá kékeré ara páàdì géèmù, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Ojú ìwé náà dúró gbagidi. Nígbà tí àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, mẹ́rin nínú wọn jọra bí ìbejì, kò sì sí èyí tó ń wá níbẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Nígbà tó rí i, dọ́là ni iye rẹ̀ torí pé Amẹ́ríkà ni àkáǹtì rẹ̀ wà, ó wá gbé fóònù, ó ṣírò rẹ̀ sí náírà, ó sì mí kanlẹ̀. Ó wá tẹ àmì ọkàn kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní kí ni ìyẹn?

"Bọ̀dá, mo ní kí wọ́n bá mi fi í sílẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ tí àwa ti ń fà láti oṣù tó kọjá nìyẹn, fún ibi tí a ń to géèmù tó wù wá sí ṣùgbọ́n tí a kò tíì rà! Ẹnì kan ní "àkójọ ìfẹ́", ẹlòmíràn ní "àfojúsùn", tó ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ yìí kò ronú kankan kó tó sọ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ohun tí gbogbo wa ń sọ ní Ọjà Ọba nìyẹn nígbà tí owó kò bá pé: "Ẹ bá mi fi í sílẹ̀, mò ń bọ̀." Ọlọ́jà mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó má padà wá, ìwọ náà mọ̀, kò sì sí ẹni tó bínú. "Bá mi fi í sílẹ̀" ni kí bọ́tìnì náà máa jẹ́.

Ibẹ̀ náà ni mo ti mú "ìtọ́wò" fún géèmù tí wọ́n fún ọ ní díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí o tó pinnu. Ẹ wo ìyá onígàárì: á bu ìwọ̀n díẹ̀ sí ọ látẹ́lẹwọ́, ìwọ á jù ú sẹ́nu, o ti mọ̀ bóyá ó kan.

Èènì ní tirẹ̀, rárá. Èènì kì í gba owó. Bí ìyá onígàárì bá bu èènì lé gàárì mi tó tún ní kí n san dọ́là mẹ́wàá lé e, a ó jọ dé ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà ni. "Àfikún" ni kó máa jẹ́. Kẹ̀kẹ́ ọjà ńkọ́? Agbọ̀n ti tó.

Ẹnì kan bèèrè bóyá "o" tàbí "ẹ" ni ẹ̀rọ yóò fi máa bá èèyàn sọ̀rọ̀. Lẹ́nu àwọn àgbà wa ní Èkìtì, "ìwọ" là ń pe bàbá ẹni, kì í ṣe àrífín. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ará Ọ̀yọ́ kò ní gbà, nítorí náà mo fi ìjà yẹn sílẹ̀.

Ilé ìkàwé kò yẹ, torí kò sẹ́ni tó ń kàwé níbẹ̀. Mo ti fẹ́ dábàá "àká", kí n tó rántí pé ohun tó jẹ́ tẹni là ń kó sí àká. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "Rà" ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà mí láàmú.

Bí mo bá ra iṣu, mo lè jẹ ẹ́, mo lè gbìn ín, mo lè fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Síìdì géèmù náà rí bẹ́ẹ̀, mo lè tà á fún aládùúgbò. Èyí tí ọmọ yìí fẹ́ rà lórí ẹ̀rọ, kò lè tà á, kò sì lè fún àbúrò rẹ̀ kó gbé e lọ. Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ti rí i. Wọ́n ṣe òfin kan lọ́dún 2024, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2025: ẹni tó ń ta irú ọjà yìí kò gbọdọ̀ kọ "rà" lásán láìsọ fún oníbàárà kedere pé àṣẹ ìlò ló ń gbà, àfi bí ọjà náà bá jẹ́ èyí tó ṣeé sọ̀ kalẹ̀ pátápátá tí ọlọ́jà kò sì lè gbà padà mọ́. Steam, ìsọ̀ géèmù orí kọ̀ǹpútà, ti fi irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ síbi agbọ̀n wọn láti oṣù kẹwàá 2024. Ìsọ̀ pàápàá a máa kógbá sílé. Ọjọ́ 27 oṣù kẹta 2023 ni ilé-iṣẹ́ Nintendo dá ọjà títà dúró nínú ìsọ̀ orí 3DS àti Wii U, ẹ̀rọ géèmù wọn méjì. Àwọn tó ti sanwó ṣì rí tiwọn sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ní "ẹ bá mi fi í sílẹ̀" kò bá ọlọ́jà níbẹ̀ mọ́.

Mo wá ronú kan "ìṣákọ́lẹ̀". Mo pe màmá mi ní Ìkéré, torí orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ti ń dáko láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo ṣàlàyé fún wọn pé èèyàn ń sanwó, ó ń lò ó, ṣùgbọ́n nǹkan kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀melòó ló ń san án? Mo ní ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní (mo yí i kúrò ní ẹnu Èkìtì): "Ìṣákọ́lẹ̀ wo lèèyàn ń san lẹ́ẹ̀kan? Ọdọọdún ni tiwa. Ọdún tí o kò bá san án, wàá gbọ́ ohùn onílẹ̀."

Wọ́n borí mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò ní ṣòfò. Ẹ jẹ́ ká fi í fún irú nǹkan bíi PlayStation Plus, tí àwọn tó ní ẹ̀rọ géèmù PlayStation ń sanwó fún láti ìgbà dé ìgbà: géèmù tí wọ́n ń fún ọ lóṣooṣù, o lè máa lò ó níwọ̀n ìgbà tí o bá ń sanwó, ọjọ́ tí o bá dáwọ́ dúró ni wọ́n á tì í mọ́ ọ. Ìṣákọ́lẹ̀ gidi nìyẹn.

Fún bọ́tìnì ẹlẹ́ẹ̀kan, "Ra ìlò" ni mo mú wá. Mo fi han ọmọ náà, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé kì í ṣe géèmù ni mo ń rà ni?" Mo ní òun gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ kó mú un wá, torí bọ́tìnì yẹn kò fẹ̀.