Oje lápálápá pupa dá ẹ̀jẹ̀ mi dúró, hóró rẹ̀ gbé ọmọ mi dé ilé ìwòsàn

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Nítorí ẹwà ni mo ṣe gbin lápálápá pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ewé rẹ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ a máa pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi osùn kùn ún, òdòdó rẹ̀ kéékèèké náà pupa, irun wẹ́wẹ́ etí ewé rẹ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ìyá mi ló kọ́ mi pé bí ọ̀bẹ bá gé èèyàn, kó já ewé rẹ̀ kan, kó kán oje rẹ̀ sójú ọgbẹ́. Mo dán an wò lọ́jọ́ tí àdá gé mi níka, ẹ̀jẹ̀ sì dá lóòótọ́. (Àbàwọ́n tí oje náà ṣe sára aṣọ mi ò kúrò dòní.) Láti ọjọ́ náà, igi oògùn ni mo ń pè é.

Mi ò ka èso rẹ̀ sí. Bó bá gbẹ tán, á bẹ́ "tá!", hóró á fọ́n ká ilẹ̀. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 5, ṣà á jẹ, ó ní ó dùn bí ẹ̀pà. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí inú ń lọ́ ọ, tí ìgbẹ́ gbuuru tẹ̀ lé e. Ẹnì kan ní kí n ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ọmọ tó ti ń bì, kí ni mo tún fẹ́ kó bì? Èso náà ni mo mú dání lọ bá dókítà. Ó ní kò sí oògùn kan pàtó tó ń pa oró rẹ̀. Omi ni wọ́n fà sí i lára, wọ́n sì ń ṣọ́ bó ṣe ń tọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Èmi náà rèé, ẹlòmíì ni mí, kì í ṣe ẹni tó sọ̀rọ̀ lókè. Àgbàlagbà ni mí, mi ò sì lè ní èèṣì ni. Lápálápá gidi ni tèmi, kì í ṣe èyí tó pupa, wọ́n ní hóró rẹ̀ ń ṣí inú tó dì. Mo jẹ méjì, mi ò rí nǹkan kan, ni mo bá fi mẹ́ta lé e. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo sùn! Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé oró tí wọ́n ń pè ní curcin wà nínú rẹ̀.

Èmi tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nìyí. Ẹni tó ń béèrè bóyá mo ti hú u: rárá o. Èso rẹ̀ ni mò ń gé kó tó gbó, tèmi ti ìbọ̀wọ́.