Ṣé ẹni tí ó fẹ́ràn òmìnira lè sin Ọba tí a kì í bi pé kí ló ń ṣe?

Ọmọ Aké: Ẹ̀yin àgbà, ìbéèrè kan ń dà mí láàmú. Èmi kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára darí mi, ìbáà ṣe ìjọba, ọ̀gá níbi iṣẹ́ tàbí mọ̀lẹ́bí. Síbẹ̀, ní ọjọọjọ́ Ìsinmi ni mo ń kúnlẹ̀ níwájú Aṣèyíówùú, tí ó ń pàṣẹ, tí ó sì ń fìyà jẹ ẹni tí kò bá gbọ́. Bí ènìyàn bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílùú wa, apàṣẹwàá ni a ó pè é. Báwo ni ẹ̀yin ṣe ń fi ọkàn kan gba méjèèjì?

Ìyá Aláró Ìtòkú: Ọmọ mi, nígbà tí àwọn baba wa pe Ọlọ́run ní Ọba, irú ọba wo ni wọ́n mọ̀? Ọba tí àwọn Ògbóni lè ká lọ́wọ́ kò ni, débi pé wọ́n ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé Ẹ̀gbá kò lólú, gbogbo wọn ló ń ṣe bí ọba. Nígbà tí owó orí àwọn obìnrin di ìnira, àwọn ìyá wa tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú fún yí ààfin ká, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1949. Onígbàgbọ́ wà nínú wọn, Mùsùlùmí wà nínú wọn. Lójú tèmi, ẹni tí ó gbà pé Ọlọ́run nìkan ni aláṣẹ pátápátá ni ẹ̀rù kì í bà láti sọ fún ọba pé ó ti ṣàṣejù.

Ará Ìbàrà: Mo bọ̀wọ̀ fún ìyá wa, ṣùgbọ́n èsì yìí kò tíì kan ibi tí ó ń dun ọmọ náà. A lè yí ààfin ká. Ta ni yóò yí ọ̀run ká? Ọba ayé lè ṣìnà, ìdí nìyẹn tí a fi nílò Ògbóni. Ohun tí èmi rí ni pé kì í ṣe agbára Ọlọ́run ni ó ń fún wa lọ́rùn, bí kò ṣe àwọn tí ń yá agbára náà lò: pásítọ̀ tàbí àfáà tí yóò yan ẹni tí o máa fẹ́ fún ọ, tí o bá sì béèrè ìdí, yóò ní Ọlọ́run ni o ń bá jà.

Ọmọ Olúmọ: Àwọn baba wa ní olúkúlùkù ti kúnlẹ̀ yan orí rẹ̀ kí ó tó wá sáyé. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, àkúnlẹ̀yàn: ìkúnlẹ̀ wà nínú rẹ̀, yíyàn náà wà nínú rẹ̀, wọn kò sì bá ara wọn jà. (Òótọ́ ni pé ẹni tí ó yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò ọ̀run tí ń fi amọ̀ mọ orí, kò mọ èyí tí kò jiná dáadáa.)

Ọmọ Aké: Mo dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ pásítọ̀ yẹn kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni ó bí ìbéèrè mi. Ṣùgbọ́n iná ọ̀run ṣì kù o: bí wọ́n bá ní kí n yàn, tí wọ́n sì ti dáná de ẹni tí ó bá yan òdì, irú yíyàn wo ni ìyẹn?

Ará Ìbàrà: Èmi náà kò tíì rí èsì tí ó tẹ́ mi lọ́rùn sí ìyẹn, n kò sì tíì pa ìsìn jẹ nítorí rẹ̀.