Bala shark mi ń yanu lórí omi, ẹ gbà mí o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹja nínú gíláàsì, ẹ jọ̀ọ́. Nílé wa ní Tanke, n'Ílọrin, mo ní bala shark kékeré kan, kò ju ìka mi lọ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe àkurakùdà inú òkun. Omi tí kò níyọ̀ ni tirẹ̀. Láti àná tí wọ́n ti mú iná lọ, tí pọ́ǹpù atẹ́gùn dákẹ́, orí omi ló ń wà, tó ń yanu. Láàárọ̀ yìí mo rí àmì funfun tó-tò-tó bí ẹyọ iyọ̀ ní ìrù rẹ̀. Omi ẹ̀rọ ni mo fi pààrọ̀ omi rẹ̀ lánàá, mi ò jẹ́ kó sùn mọ́jú kí kẹ́míkà inú ẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Ṣé kí n máa fi ife bu omi dà á látòkè kó lè rí atẹ́gùn? Oògùn wo ni mo lè lò tí kò ní pa á? Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.