Eré Ruyi tí gbogbo èèyàn ń yìn ti sú mi. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni?

OLÙBÉÈRÈ (ẹ bá mi fi orúkọ bò):

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ má bú mi. Ọ̀rọ̀ eré Ṣáínà ni mo bá wá, àmọ́ ó ti fẹ́ di ọ̀rọ̀ ẹbí.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló kó Ruyi's Royal Love in the Palace, èyí tó jáde lọ́dún 2018, sínú fúláàṣì fún mi. Apá 87! Àǹtí ní nínú gbogbo eré ààfin Ṣáínà tí òun ti wò, kò sí èyí tó tó o. Mo ti wo Story of Yanxi Palace tẹ́lẹ̀, mo sì gbádùn rẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá tọ́ Wei Yingluo, obìnrin tí wọ́n fi ṣe olú ẹ̀dá inú rẹ̀, níjà, kì í pẹ́ tó fi ń gba tiẹ̀, èmi tí mo ń wò ó á sì fò sókè lórí àga. Irú ìyẹn ni mo ń retí.

Kí ni mo wá rí? Wọ́n jókòó, wọ́n mu tíì. Wọ́n dìde, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n tún jókòó. Ayaba kan á pa òwe, èkejì á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á wá máa ya ojú ẹ̀ títí oorun á fi gbé mi. Mo mọ̀ pé òṣèré ńlá ni Zhou Xun tó ṣe Ruyi, àmọ́ ó ti lé lẹ́ni 40 ọdún nígbà tí wọ́n ya eré yìí, wọ́n sì ní kó máa ṣe ọmọge tí ọmọ ọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fi ṣaya. Ojú mi ò gbà á.

Ti ọba yẹn, Qianlong, ló burú jù. Wọ́n ní Ruyi ló fi zhusha, ìyẹ̀fun pupa olóró kan báyìí, ba oyún ayaba méjì jẹ́. A-Ruo, ìránṣẹ́ tó bá a wá láti ilé bàbá rẹ̀, ló jẹ́rìí èké mọ́ ọn. Ọba tó ní òun fẹ́ràn rẹ̀ láti kékeré sì gbà, ó ní kí wọ́n lọ tì í mọ́ Ààfin Tútù, ibi tí wọ́n ń kó àwọn ayaba àpatì sí. Ruyi ò bá ẹnikẹ́ni fa nǹkan kan! Ó lọ jókòó síbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ abẹ́rẹ́ tà kó lè rí nǹkan jẹ. (Aránṣọ ni mí, ibẹ̀ nìkan ni mo ti gbádùn eré náà.)

Ohun tó wá ń dà mí láàmú ni pé ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Àǹtí ń pè mí. "O ti dé ibo?" Mo ti purọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Lánàá wọ́n bi mí léèrè ẹ̀gbà ọwọ́. Mo ní, "Háà, Àǹtí, ẹ̀gbà yẹn!" Ẹ̀gbà wo? Mi ò mọ̀. Ṣé kí n sọ fún wọn pé eré yìí ò dùn ni? Àbí ó máa ń dùn tó bá yá?

ÌYÁ ÌBEJÌ:

Arábìnrin mi, ìwọ nìkan kọ́. Apá 12 ni mo ti sá. Apá 87, tá a bá fi ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta wọ́n ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lé ní wákàtí 60. Ta ló fẹ́ bá mi se ọbẹ̀? Dá fúláàṣì padà, kó o ní fóònù ẹ ò kà á mọ́.

BÀBÁ TÍṢÀ:

Ìyá Ìbejì, ẹ má kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní irọ́ o.

Ọmọ mi, Yanxi lo lọ ń wá nínú Ruyi, ìyẹn ló fà á. Ààfin kan náà ni, ọba kan náà ni, àwọn obìnrin kan náà ni. Ní 2018, nǹkan bí oṣù kan péré ló wà láàárín ìgbà tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀. Qianlong gorí oyè lọ́dún 1735, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1796. Wei Yingluo tó o fẹ́ràn yẹn, obìnrin kan tó gbé ayé rí ni wọ́n gbé e lé, ìyẹn ìyá ọmọ tó jọba lẹ́yìn Qianlong. Obìnrin yẹn kan náà ni wọ́n pè ní Wei Yanwan nínú Ruyi, ìkà gbáà sì ni wọ́n fi ṣe níbí. Ruyi ńkọ́? Ayaba Nara ni, òun ni ọ̀tá inú Yanxi tó o ti ń ṣépè fún! Orogún méjì ló ń rojọ́ fún ọ. O ti gbọ́ ti ọ̀kan, o sì ti dájọ́.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ẹni tó kọ ìwé tí wọ́n fi ṣe Ruyi, Liu Lianzi, òun náà ló kọ ìtàn Zhen Huan, obìnrin ààfin mìíràn, tí wọ́n ti fi ṣeré ní 2011. Ìyá ọba tí ò ń wò nínú Ruyi, Zhen Huan fúnra rẹ̀ ni, ó ti dàgbà. Ìjà òun àti àǹtí Ruyi ti wà nílẹ̀ kí Ruyi tó wọlé ọkọ. Bí èèyàn ò bá wo ti ìṣáájú, ńṣe ló máa dà bí ẹni tó bá wọn dé ìpàdé ẹbí lẹ́yìn tí wọ́n ti jà tán.

Lójú tèmi ṣá o, apá ìbẹ̀rẹ̀ yẹn gùn jù. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé kò gùn. Ti àwọn ìwẹ̀fà wọn ni mo fi ń gbádùn ara mi: bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ti ibí sọ fún tọ̀hún ń rán mi létí ìtàn tí bàbá mi ń sọ nípa àwọn ìwẹ̀fà ààfin Ọ̀yọ́.

ÀBẸ̀KẸ́ ÒÒTỌ́:

Ẹ̀gbà yẹn rèé, kí wọ́n má bàa ká irọ́ mọ́ ọ lẹ́nu. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìyáálé wọn, Fuca Langhua, ti fún Ruyi àti Gao Xiyue, orogún wọn kan, ní ẹ̀gbà ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó rẹwà, wọ́n kúnlẹ̀ dúpẹ́, wọ́n ń wọ̀ ọ́ sùn wọ̀ ọ́ jí. Egbòogi tí kì í jẹ́ kóbìnrin lóyún ló wà nínú rẹ̀. Wàá rí Ruyi tó ń fọwọ́ pa á lọ́wọ́, ọdún ń gorí ọdún, kò rọ́mọ bí, kò sì mọ̀ pé ọwọ́ òun ni ohun tó ń ṣe òun wà. Èmi ò lè gbàgbé ẹ̀gbà yẹn. Bí o bá ń tẹ eré náà sáré, irú nǹkan wọ̀nyẹn ló máa ń bọ́.

ỌMỌ ẸLẸ́KỌ:

Ṣebí ní ìparí ni Ruyi gé irun ẹ̀? Ibẹ̀ nìkan ló tó wò jàre.

ÀBẸ̀KẸ́ ÒÒTỌ́:

Ọmọ Ẹlẹ́kọ! Ta ló rán ẹ níṣẹ́?

BÀBÁ TÍṢÀ:

Ó ti tú u síta, ẹ jẹ́ ká kúkú sọ ọ́. Ìtàn ni, kì í ṣe àròsọ. Lọ́dún 1765, ọba kó ìdílé rẹ̀ lọ sí ìhà gúúsù. Wọ́n dé Hangzhou, Ayaba Nara sì fọwọ́ ara rẹ̀ gé irun orí rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín tọkọtaya náà lọ́jọ́ yẹn ò hàn kedere nínú àkọsílẹ̀. Àmọ́ láàárín àwọn Manchu, ìyẹn ẹ̀yà ọba yẹn, ọ̀fọ̀ ni obìnrin fi ń gé irun, bí ọkọ rẹ̀ bá kú. Mi ò ní láti túmọ̀ ìyẹn fún Yorùbá, ṣebí opó ló ń fárí nílẹ̀ tiwa náà. Ọkọ rẹ̀ wà láàyè, ó jókòó lórí ìtẹ́, ìyàwó sì ti ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Wọ́n dá a padà sí Beijing. Ọdún kejì ló kú. Inú ibojì ayaba mìíràn ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, ọba ò sì fi obìnrin kankan tó wà láàyè sí ipò yẹn mọ́.

ÌYÁ ÀGBÀ ÌJẸ̀BÚ:

Gbogbo yín ń sọ ti Ṣáínà. Ọmọ mi, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Àǹtí rẹ yìí, báwo ni ilé ọkọ tiẹ̀?

OLÙBÉÈRÈ:

Ẹ ṣé, mà. Wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni nínú wa sọ ìdí tí wọ́n fi kó jáde, ọkọ mi gan-an ò mọ̀. Ìgbà yẹn náà ni wọ́n gé irun orí wọn mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ooru ni.

Mi ò tiẹ̀ ronú kan ìyẹn rí.

ÌYÁ ÀGBÀ ÌJẸ̀BÚ:

Ẹn-ẹn.

ÌYÁ ÌBEJÌ:

Mo kó ọ̀rọ̀ mi nílẹ̀ o. Má dá fúláàṣì padà.

OLÙBÉÈRÈ:

Mo ti pè wọ́n. Mi ò sọ pé mo gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu yín o. Mo ṣáà jẹ́wọ́ pé irọ́ ni mo ń pa, pé mi ò tíì dé ibi ẹ̀gbà, pé eré yẹn ń sú mi, ọba yẹn sì ń bí mi nínú. Mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ó sú èmi náà. Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Wọ́n ní kí n wá sọ́dọ̀ àwọn lọ́jọ́ Sátidé, kí n sì mú fúláàṣì dání. Aṣọ ẹgbẹ́ àwọn èèyàn kan ṣì wà lọ́wọ́ mi, màá gbé e lọ, màá máa fi bọ́tìnnì sí i tá a bá ń wò ó.