Ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti pẹ́ láyé: ṣé kí a pààrọ̀ rẹ̀ fúnra ẹni, àbí kí a gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kíákíá?

Ọmọ Àjílété, Houston: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Toyota Sienna ọdún 2001 ni mo fi ń kó ẹrù àti àwọn ọmọ kiri. Ìgbàkígbà tí mo bá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kíákíá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi máa ń ju èyí tí wọ́n kọ síta lọ. Ṣé kí n máa ṣe é fúnra mi ni? Ẹ̀gbọ́n wa tó ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n, Ògbómọ̀ṣọ́: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Ìtòsí Tákié ni mo ti ń kọ èyí, Sienna tí mo lò ní Dallas kí n tó kó o wálé sì wà níwájú mi báyìí. Máa ṣe é fúnra rẹ, ṣùgbọ́n owó kọ́ ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀ o, nítorí pé lẹ́yìn tí o bá ra ọ́ìlì àti fílítà tán, èyí tó ṣẹ́kù kò tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ sùn sábẹ́ ọkọ̀. Níbí, orí mẹkáníìkì mi ni mo máa ń dúró sí títí yóò fi parí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kíákíá, inú ọkọ̀ ni wọ́n máa ń ní kí o jókòó sí, o kò sì ní rí ohunkóhun. Nígbà tí o bá wọ abẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ, wàá rí ibi tí ọ́ìlì ti ń yọ́, rọ́bà tó ti sán, àti páìpù tí ìpẹtà ti ń jẹ.

Ínjìnnì onílítà 3 tó wà nínú tìrẹ, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ 1MZ-FE, kò fẹ́ kí ọ́ìlì pẹ́ nínú òun, nítorí ó máa ń di ẹrẹ̀ dúdú. Ní 2002, Toyota fúnra wọn ṣe ètò àkànṣe fún títún irú ínjìnnì bẹ́ẹ̀ ṣe nínú àwọn ọkọ̀ ọdún 1997 sí 2002. Má jẹ́ kó kọjá 5,000 máìlì. Ní tèmi, 3,000 tí wọ́n ń kọ sórí bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ti yá jù. Ọ́ìlì 5W-30 ni kí o rà, nǹkan bíi lítà 4.7 ni yóò sì gbà pẹ̀lú fílítà.

Tan ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wa táyà iwájú gun irin onídàgẹ̀rẹ̀ méjì lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, fi bíréèkì ìdúró sí i, fi igi dínà táyà ẹ̀yìn, kí o sì pa ínjìnnì. Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè nìkan. Ẹni tó bá wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣeré. Sípánà 14 ni yóò tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tí ọ́ìlì àtijọ́ ń gbà jáde. Fi wáṣà tuntun sí i nígbà tí o bá ń dá a padà, má sì fi agbára dè é, nítorí bí tẹ́rẹ́dì ibẹ̀ bá jẹ, wàhálà dé nìyẹn.

Fílítà ni kí o ṣọ́ jù. Ní ọdún kẹta tí mo dé Dallas, ṣọ́ọ̀bù kan yọ fílítà mi, rọ́bà ti àtijọ́ lẹ̀ mọ́ ínjìnnì, wọ́n sì de tuntun lé e lórí. Mo ti wọ títì ńlá kí iná ọ́ìlì tó tàn. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo rí ìlà dúdú kan tó tẹ̀ lé mi bọ̀ bí ẹni tó ru garawa epo tó ń jò lọ sọ́jà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń fi ìka wo ojú ibẹ̀ yípo, kí n tó fi ọ́ìlì díẹ̀ ra rọ́bà tuntun, kí n sì fi ọwọ́ lásán dè é. Bí rọ́bà bá ti kan ínjìnnì, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kan ló kù.

Ìyá Ìbejì, Chicago: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Onílé wa kò gbà kí ẹnikẹ́ni tún ọkọ̀ ṣe nínú ọgbà, òtútù ibí kò sì jẹ́ kí ènìyàn lè sùn sílẹ̀. Níbo sì ni ẹni tó bá ṣe é fúnra rẹ̀ yóò da ọ́ìlì àtijọ́ sí?

Ẹ̀gbọ́n, Ògbómọ̀ṣọ́: Ìyá Ìbejì, ṣọ́ọ̀bù ló tọ́ sí yín nígbà náà. Ẹ ní kí wọ́n fi fílítà àtijọ́ hàn yín, kí ẹ wò ó bóyá rọ́bà rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fa géèjì yọ, ẹ nù ún, ẹ tún un tì bọ̀ ọ́, kí ẹ wo ibi tí ọ́ìlì dé. Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ó bá ń jò, páálí yóò sọ fún yín láàárọ̀.

Ní ti ọ́ìlì àtijọ́, níbí, àwọn káfíńtà máa ń ra kọ́ńdẹ̀m, ìyẹn ọ́ìlì àtijọ́ náà, lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì láti fi kun igi òrùlé nítorí ikán. Lọ́dọ̀ yín, ẹ má dà á sí gọ́tà. Inú kẹ́ẹ̀gì tí ọ́ìlì tuntun ti jáde ni kí a rọ ọ́ sí, kí a gbé e lọ sí ilé ìtajà ohun èlò ọkọ̀, nítorí púpọ̀ nínú wọn máa ń gbà á láìgba owó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí omi tàbí ọ́ìlì bíréèkì dà mọ́ ọn o, nítorí wọn kò ní gbà á mọ́.